Aṣọ Funfun Lórí Ẹ̀fọ́ Tẹ̀tẹ̀

Ewé tẹ̀tẹ̀ tí ìrì dídì bá pa máa ń rùn. Kì í rùn bí nǹkan tó ti kú tipẹ́. Òórùn ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀ tán tí wọ́n gbàgbé sínú omi rẹ̀ ni, òórùn tútù tó máa ń há síni lọ́fun. Ìgbà tí train ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ wa lápá àríwá ìlà-oòrùn Calgary ni, tí èmi àti ọkọ mi ń gbé nínú basement ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Rundle. Ó ti pẹ́. Orí mi ti funfun, mo ti ní ọmọ-ọmọ, gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ló ti darúgbó. Síbẹ̀, bí mo bá ti rántí òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, inú á tún bí mi bí ẹni pé àná ni. Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé sùúrù ni baba ìwà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá mi. Ìyá mi a máa gbin ẹ̀fọ́ ní àkùrọ̀, létí odò kan nítòsí Ìlá. Tẹ̀tẹ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Igi rẹ̀ pupa, ewé rẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, bí a bá sì sè é kì í dà bí koríko lẹ́nu. Nígbà tí mo fẹ́ tẹ̀lé ọkọ mi wá sí Canada, níbi tó ti fẹ́ kàwé gboyè kún oyè, ìyá mi kò fún mi ní góòlù. Ó bu irúgbìn tẹ̀tẹ̀ sí etí ìró rẹ̀ kan, ó ta á ní kókó, ó ní, "Ibi yòówù kí o dé, ìwọ ṣáà wá ilẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé kò tíì di àjèjì." Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo sì ń rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Lójú èmi ọmọge tó ń lọ sókè òkun, inú firísà ni ẹ̀fọ́ ti ń hù níbi tí mò ń lọ.

Firísà náà kọ́ mi lọ́gbọ́n láìpẹ́. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ gbìn ín, oṣù kẹrin ni mo bọ́ síta, torí pé oòrùn ràn. Oòrùn Calgary nínú oṣù kẹrin dà bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí àlejò láìní oúnjẹ nílé: snow bọ́ lé e lórí kó tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọdún kejì, mo ní sùúrù díẹ̀, ó hù, mo ti ń pe àwọn ọ̀rẹ́ kí wọ́n wá wò ó, ìrì dídì tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní frost bá bọ́ lójijì, ó gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Ọdún yẹn náà ni ìyá mi kú. N kò lè lọ sin ín. Ìwé PR wa, ìwé àṣẹ ìgbélùú, wà lọ́dọ̀ ìjọba, wọ́n ní bí mo bá jáde, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má jẹ́ kí n wọlé mọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi sìnkú tán, wọ́n ta ilẹ̀ àkùrọ̀, ẹni tó rà á da yẹ̀pẹ̀ dí i, ó kọ́ ilé epo sórí rẹ̀. Bí tẹ̀tẹ̀ ìyá mi ṣe parí nílé nìyẹn. Èyí tó kù láyé ni ìwọ̀nba tó wà nínú kókó ìró tó wà nísàlẹ̀ àpótí mi, kò sì kún àtẹ́lẹwọ́.

Nítorí náà, n kò fi ọdún kẹta ṣeré. Mo bi àwọn tí a jọ ń tún ọ́fíìsì ṣe nígboro, mo bi obìnrin arúgbó aláwọ̀ funfun tí fẹ́ǹsì rẹ̀ kan tiwa, mo bi ẹnikẹ́ni tí mo bá rí ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo kọ́ nìyí, kí ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ gbọ́. Má ṣe gbé ẹ̀fọ́ síta títí May long weekend, ìsinmi ọlọ́jọ́ mẹ́ta inú oṣù karùn-ún, yóò fi kọjá. Inú ife lẹ́bàá wíńdò ni kí o ti jẹ́ kó hù. Ìdí ògiri tí oòrùn ń pa ni kí o gbé e lọ, torí ògiri a máa tọ́jú ooru sára bí ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Bí oṣù kẹsàn-án bá wọlé, máa wojú ọ̀run. Bí afẹ́fẹ́ bá dá wáí, tí kùrukùru kò sí, kí o bẹ̀rù. Kùrukùru ni aṣọ ìbora ilẹ̀, bí kò bá sí níbẹ̀, gbogbo ooru inú ilẹ̀ ló ń sá lọ sókè. Lọ́sàn-án irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, bomi rin ilẹ̀ dáadáa, torí ilẹ̀ tó mu omi a máa di ooru mú ju ilẹ̀ gbígbẹ lọ, ṣùgbọ́n má ta omi sí ewé. Kí oòrùn tó wọ̀, ri igi mọ́lẹ̀, ta aṣọ sórí igi náà kó wálẹ̀ yíká, kó má fara kan ewé, kí o sì fi òkúta tẹ etí rẹ̀. Aṣọ ni o, kì í ṣe ọ̀rá; ibi tí ọ̀rá bá ti kan ewé ni yóò ti kú. Bí oòrùn bá yọ lówùúrọ̀, tètè ṣí i kí ooru má baà sè é. Ìyá mi kò rí ìrì dídì rí, ṣùgbọ́n ó máa ń fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ẹ̀fọ́ kéékèèké kí oòrùn má baà jó wọn. Bí mo bá ń ta aṣọ lórí tẹ̀tẹ̀ ní Rundle, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo dúró tì í.

Lọ́dún yẹn, ó ṣe é. Ebè mẹ́rin gbọọrọ lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìnkùlé, tẹ̀tẹ̀ pupa gíga dé àyà mi. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń kàwé ní yunifásítì a máa wọ train wá lọ́jọ́ Sátidé wá já ẹ̀fọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n máa já ewé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n mo kìlọ̀ fún gbogbo èèyàn kí wọ́n má fọwọ́ kan orí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni irúgbìn wà. Irúgbìn yẹn ni mò ń dúró dè. Bó bá gbó, n ó ní tẹ̀tẹ̀ ìyá mi títí ayé, n ó fún àwọn ọmọ mi, n ó fi ránṣẹ́ sílé. Bí kò bá gbó, ó parí, nítorí pé gbogbo èyí tó wà nínú kókó ni mo ti gbìn.

Ẹni tó jẹ ẹ̀fọ́ náà jù ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa rẹ̀: ó ṣoore fún wa. Òun ló pè wá wá, òun ló fún wa ní basement rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú sílé. Ẹnjiníà ni, ó máa ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Airdrie láràárọ̀, díákónì ni nínú ìjọ. Òun àti ìyálé mi, ìyàwó rẹ̀, ti wà pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìrí ọmọ bí, ọdún yẹn gan-an ni oyún dé. Gbogbo ilé ń rìn jẹ́jẹ́. Bí ìyálé mi bá wúkọ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi á ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó yé mi. Ohun tí kò yé mi di òní ni ohun tó ṣe.

Ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, rédíò ní frost ń bọ̀ lóru. Mo jáde, mo wojú ọ̀run, ó mọ́ kedere, ewé kan kò mì. Irúgbìn orí tẹ̀tẹ̀ ti ń le, mo fi èékánná tẹ ọ̀kan, omi funfun inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Ọ̀sẹ̀ kan sí i ló kù. Mo bomi rin ilẹ̀, mo ri igi, mo kó àwọn aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì funfun tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù, mo ta wọ́n sórí ebè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi òkúta tẹ̀ wọ́n. Ó dára lójú mi. Mo wẹ̀, mo wọ train lọ síbi iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo dé, ó ti rẹ̀ mí, ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ilé ni mo gbà wọ basement, n kò dé ẹ̀yìnkùlé.

Lówùúrọ̀, bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, mo bá àwọn aṣọ mi lójú àtẹ̀gùn. Wọ́n ti ká wọn dáadáa, igun kan igun, bí ẹni tó ń múra ìrìn àjò. N kò tíì dé ẹ̀yìn ilé tí mo fi gbọ́ òórùn yẹn. Gbogbo tẹ̀tẹ̀ mi ti dúdú. Wọ́n ṣì dúró, ṣùgbọ́n ewé wọn rọ̀ mọ́ igi bí àkísà tó mu omi, orí wọn tẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Tèmi tẹ́ lọ́jọ́ náà.

Mo gun àtẹ̀gùn lọ sókè. N kò kúnlẹ̀, n kò kí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà ní kíṣìnnì, ó ń mu tíì, ó ti wọ kóòtù iṣẹ́.

"Bọ̀dá, ta ló ṣí aṣọ orí ẹ̀fọ́ mi?"

"Ìyàwó, good morning náà ńkọ́?"

"Mo ní ta ló ṣí i, sà?"

Ó gbé ife kalẹ̀. "Èmi ni. What kind of thing is that? O fi white bedsheet bo nǹkan gbọọrọ mẹ́rin sílẹ̀ bí ẹni tẹ́ òkú, níbi tí aboyún ti lè yọjú lójú wíńdò kó rí i. Ṣé ó yẹ kí aboyún máa rí irú ẹ̀? Mo tiẹ̀ ka Sáàmù sí gbogbo ibẹ̀ kí n tó wọlé. And these oyinbo people, kí ni wọ́n máa rò? Wọ́n á ní àwọn Africans yìí ti bẹ̀rẹ̀ juju wọn."

Kọ́tìnnì kíṣìnnì wà níwájú mi. Mo fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Láti ojú wíńdò yẹn, a lè rí ẹ̀yìnkùlé bíi mẹ́fà, gbogbo wọn ló sì funfun. Arúgbó ẹ̀gbẹ́ wa ti fi aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì bo tòmátò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó tẹ̀lé e lo aṣọ orí tábìlì. Ọkùnrin tó ń gbé ní kọ̀rọ̀ ń ṣí tirẹ̀ lọ́wọ́ báyìí, ewéko abẹ́ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀.

Mo ní, "Ẹ wá wò ó, Bọ̀dá. Gbogbo àdúgbò ló tẹ́ òkú sílẹ̀. Tiwa nìkan ló kú lóòótọ́."

Ó wò ó. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó yé e. Bó bá sọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nígbà yẹn, bó bá ní "ha" péré, ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀, tí n ó sì lọ sunkún mi nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún kọ́tìnnì náà fà padà sí àyè rẹ̀, ó ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá ẹ̀gbọ́n ọkọ sọ̀rọ̀ nílé yín nìyẹn?"

Nílé wa! Ohun tó kù nílé wa ló dúró dúdú sẹ́yìn ògiri rẹ̀ yẹn. Mo pariwo. N kò rántí gbogbo ohun tí mo sọ, ṣùgbọ́n mo rántí pé n kò fi "ẹ" sí i mọ́, mo pè é ní "ìwọ", ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, àkọ́bí ilé wọn. Ọkọ mi sáré gòkè wá láìwọ bàtà, ó fọwọ́ bò mí lẹ́nu. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, kò sẹ́ni tó dárúkọ tẹ̀tẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ di ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyálé mi rọra sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, ó di ikùn rẹ̀ mú. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wa. Ó ní, "Ìyàwó, mo ti rí aṣọ yẹn kí ọkọ mi tó dé láti ibi iṣẹ́. Mo mọ̀ pé torí frost ni. Mo sọ fún un. Ó ní kí n dákẹ́, pé oyún ló ń dà mí láàmú."

Mo ní, "Ṣé ẹ wá rí i, Àǹtí, tẹ́ ẹ ò lè sọ̀ kalẹ̀ wá bò ó padà?"

Ó wo ilẹ̀. "Ọkọ mi ni."

Inú bí mi sí òun náà. N kò sọ ọ́ síta, torí oyún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn padà láìràn án lọ́wọ́.

Ọkọ mi bẹ̀ mí títí. Ó ní kí n ṣáà kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n òun ká lè máa gbé pọ̀. Nígbà tí mo kọ̀, wọ́n pe àwọn àgbà. Kí ẹ tó máa ro irun funfun, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn Yorùbá tí a mọ̀ ní Calgary nígbà náà kò tíì pé ọmọ àádọ́ta ọdún. Òun la ní, òun la sì ń pè ní Bàbá. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ lókè lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sunday, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n nu ẹnu. Bàbá ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé torí ẹ̀fọ́ náà ni gbogbo èyí? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ o. Bó bá jẹ́ ẹ̀fọ́, spinach pọ̀ ní supermarket. Sọ ohun tó ń dùn ẹ́ gan-an."

Mo gbìyànjú láti sọ fún wọn. Mo ní ti ìyá mi ni, mo ní kò sí òmíràn mọ́ níbikíbi. Ẹnì kan nínú wọn mi orí, ó ní, "Pẹ̀lẹ́. Ìyá gbogbo wa ló ń kú." Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́ ni. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kún pálọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà.

Mo wo ọkọ mi. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. A kò níbi tí a ń lọ, òtútù ń bọ̀, ìwé wa kò tíì jáde, ìdánwò rẹ̀ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi kan kápẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n inú mi wà ní ìdúró. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Ó ti tán. I have forgiven you. God bless you."

Ẹ gbọ́ ná. Òun ló dárí jì mí.

Ohun tó tún wá ń ta mí lára ni pé lẹ́yìn òru kan ṣoṣo yẹn, òtútù kógbá sílé. Oòrùn ràn fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tòmátò arúgbó ẹ̀gbẹ́ wa pọ́n, ó tiẹ̀ fún wa nínú rẹ̀. Mo gé orí àwọn tẹ̀tẹ̀ tó kú náà, mo so wọ́n rọ̀ sínú basement kí wọ́n gbẹ, bóyá díẹ̀ nínú irúgbìn náà ti gbó tó. Nígbà tí ọdún yípo, mo gbìn wọ́n sínú ife lẹ́bàá wíńdò. Mo ń bomi rin yẹ̀pẹ̀ títí oṣù kẹfà fi wọlé. Ọkọ mi ló wá da àwọn ife náà nù nígbà tí n kò sí nílé.

Ìyálé mi bímọ láyọ̀ ní àárín òtútù, obìnrin, ó dára bí oyin. Inú mi dùn sí ọmọ náà, mo wẹ̀ ẹ́, mo pọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dìde níwájú ìjọ, ó jẹ́rìí pé Ẹ̀mí ló darí òun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láti ká aṣọ ikú kúrò lẹ́yìnkùlé òun. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà wà níbẹ̀, ọmọ náà sùn sí èjìká mi. Kó tó di ìgbà ooru, a ti kó kúrò nílé rẹ̀ lọ sí Whitehorn.

Gbogbo ìyẹn ti di ìtàn báyìí. Ìyálé mi ti lọ sinmi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Airdrie, ọ̀pá ló fi ń rìn. A máa ń pàdé níbi ayẹyẹ, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i bó ṣe yẹ. Kò tíì dárúkọ ọjọ́ yẹn fún mi rí. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mélòó kan, bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé, tẹlifóònù mi á dún lọ́jọ́ kan kí oòrùn tó wọ̀.

"Ìyàwó, wọ́n ní frost máa wà lónìí o. Ṣé o ti bo àwọn nǹkan ẹ?"

"Mo ti bò wọ́n, sà."

"Okay. Bò wọ́n dáadáa o." Á sì gbé e kalẹ̀.

Tẹ̀tẹ̀ inú páálí ṣọ́ọ̀bù ni mò ń gbìn báyìí, kò burú, kò sì dà bíi ti ìyá mi. Ọmọ mi tó gbọ́ ìpè náà lọ́dún kan wò mí, ó ní, "Mummy, you know that's him saying sorry, right?" Mo ní mo mọ̀. N kì í ṣe ọmọdé. Ṣùgbọ́n èmi kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ níṣojú gbogbo ènìyàn, kò sẹ́ni tó ní kí n fi ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tọrọ àforíjì.

Lọ́dún tó kọjá, ó tún pè. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ó béèrè, mo dáhùn pé mo ti bò wọ́n. Kò gbé e kalẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí, ó ṣòro fún un díẹ̀. Mo mọ ohun tó ń dúró dè, pé bí mo bá ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan péré, yóò sọ ọ́. Mo dúró níbẹ̀, èémí rẹ̀ wà létí mi, inú tó ń bí mi láti ọjọ́ yẹn kò tíì kúrò.

Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà," mo sì gbé tẹlifóònù kalẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án ti ń bọ̀. Bó bá pè, bóyá n ó dúró pẹ́ díẹ̀ sí i.